Bí a ṣe ń fi àyẹ̀wò itọ́ ṣọ́ àìsàn èrìgì, kí èsì má baà máa tàn wá

Ẹnì kan ṣe àyẹ̀wò itọ́ fún èrìgì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìlà méjì yọ. Ó tún un ṣe lọ́jọ́bọ̀, ìlà kan ṣoṣo. Ó gbé àpótí méjèèjì wá bá mi, ó ní wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Mo bi í pé kí ló ṣe kó tó tutọ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ajé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orín gbo èrìgì títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ ni. Lọ́jọ́bọ̀, ó bu omi sẹ́nu pọ̀ mọ́ omi inú àpótí, torí pé ti inú àpótí kéré lójú rẹ̀. Àyẹ̀wò ò parọ́ fún un. Itọ́ méjì tí kò jọra ló gbé kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Kíka ìlà ò ṣòro, ọmọ tó bá ti rí àyẹ̀wò ibà rí á kà á. Ohun tó ṣòro ni kí itọ́ òní bá itọ́ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá yí padà, èrìgì nìkan ló yí padà.

Èrìgì tí mò ń wí ni ẹran pupa tó di ìdí eyín mú. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pe eyín ẹ̀yìn ní èrìgì, kì í ṣe ìyẹn. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí dókítà eyín ti sọ fún pé èrìgì rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí wọ́n ti fọ eyín rẹ̀ tàbí tí wọ́n fẹ́ fọ̀ ọ́, tó sì fẹ́ mọ̀ láàárín ìgbà tó lọ àti ìgbà tó máa padà lọ bóyá nǹkan ń dáa. Bí èrìgì yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí dókítà kankan ò tíì wò ó, ẹ má tíì ra àpótí kankan. Ẹ fi owó yẹn wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kí n tó gbàgbé. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ fi àmì sórí “itọ́”. Mo fi “e gba ito yin sinu ike” ránṣẹ́ sí bàbá kan nígbà kan, mi ò fi àmì sí i. Lọ́jọ́ kejì, bàbá gbé ìtọ̀ wá, wọ́n dì í dáadáa sínú ọ̀rá dúdú. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiwọn.

OHUN TÍ Ẹ MÁA KÓ JỌ

- Àpótí àyẹ̀wò tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìwọ̀n ooru tó yẹ ẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ ju 30 digirí lọ, mọ́tò tó dúró sínú oòrùn ọ̀sán sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ẹ má fi í sínú mọ́tò, ẹ má fi í sórí fìríìjì tó ń gbóná lẹ́yìn.
- Fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú àáyá, tó sì lè ya fọ́tò.
- Omi mímu tó mọ́, pẹ̀lú ife tàbí abọ́ funfun kan. Kó jẹ́ funfun lóòótọ́, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.
- Ìwé kékeré kan tí ẹ ò ní kọ nǹkan mìíràn sí, àti bírò.
- Ìwé tí dókítà kọ ìwọ̀n èrìgì yín sí. Láìsí èyí, ẹ kàn ń ra ìlà ni.
- Ìbọ̀wọ́ roba, bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn lẹ fẹ́ gba itọ́ rẹ̀.

ÌPELE 1: Ẹ MỌ OHUN TÍ ÀYẸ̀WÒ YÍN Ń WÁ

Kì í ṣe nǹkan kan náà ni gbogbo àyẹ̀wò itọ́ ń wá. Oríṣi mẹ́ta lẹ máa sábà rí.

Àkọ́kọ́ ń wá ohun tí wọ́n ń pè ní MMP-8. Bí èrìgì bá ń bá kòkòrò jà, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ya wá síbẹ̀, wọ́n á sì tú MMP-8 sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé kọlájínì, kọlájínì yìí kan náà sì ni okùn tó so eyín mọ́ egungun àgbọ̀n. Nítorí náà, bí MMP-8 tó ti jí sí iṣẹ́ bá pọ̀ nínú itọ́, ó ṣeé ṣe kí okùn yẹn máa já lọ́wọ́lọ́wọ́. Timo Sorsa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Helsinki, ní Finland, ti pẹ́ lórí iṣẹ́ yìí. PerioSafe tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì wà lára àwọn àyẹ̀wò tó jáde láti ibẹ̀. Ààlà tí wọ́n sábà fi ń ya “ó pọ̀” sọ́tọ̀ sí “kò pọ̀” ni 20 nanogram nínú mílílítà 1. Èyí ni ẹ lè rí èsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìkejì ń wá DNA àwọn kòkòrò fúnra wọn: Porphyromonas gingivalis, Tannerella forsythia, Treponema denticola àtàwọn ẹgbẹ́ wọn. MyPerioPath ní Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan. Ẹ máa fi omi iyọ̀ inú àpótí ṣan ẹnu àti ọ̀fun, ẹ ó tu ú sínú ike, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Dókítà ló ń béèrè fún un.

Ìkẹta ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí, sẹ́ẹ̀lì funfun, àti prótéènì. Àwọn ará Japan fẹ́ràn èyí. SillHa tiwọn máa ń gba omi mílílítà 3 fún ìṣẹ́jú àáyá 10, èsì á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú 5 lórí ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ dókítà eyín.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á ṣe oríṣi kan lóṣù yìí, òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á wá gbé èsì méjèèjì síra. Kòkòrò lè wà lẹ́nu kí èrìgì má tíì jà. Èrìgì sì lè máa jà nígbà tí DNA kòkòrò ti dínkù. Ẹ mú oríṣi kan, kí ẹ dúró tì í.

Nǹkan mìíràn tó yẹ kó wà lọ́kàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀: itọ́ ò lè sọ eyín tó ń ṣàìsàn. Ńṣe ló dà bí omi gọ́tà àdúgbò. Bí ẹ bá rí epo lójú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ń da epo síta, ẹ ò mọ ilé tó ti wá.

Àmì pé ìpele yìí parí: ẹ lè sọ ohun tí àyẹ̀wò yín ń wá fún ẹnì kejì láì wo ara àpótí.

ÌPELE 2: Ẹ GBA ÌWỌ̀N ÌBẸ̀RẸ̀ LỌ́DỌ̀ DÓKÍTÀ

Dókítà eyín máa ń ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n sàmì mílímítà sí lára bọ àlàfo tó wà láàárín èrìgì àti eyín. Ojúkò 6 ló máa ń wọ̀n lára eyín kan. Mílímítà 1 sí 3 ò burú. Bó bá dé 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ibẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀ bí irin ṣe kàn án, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ béèrè nǹkan méjì kí ẹ tó kúrò lórí àga: ojúkò mélòó ló jìn tó mílímítà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mélòó ló ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní eyín 28 ní ojúkò 168. Bí ojúkò tó ṣẹ̀jẹ̀ bá dé 17, ó ti kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí àwọn dókítà fi ṣe ààlà láàárín èrìgì tó dá ṣáṣá àti èyí tó ń wú.

Ní ilé wa, ẹ ó rí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní UCH Ìbàdàn, LUTH Ìdí-Àràbà, àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú ọba, dókítà eyín yín á ti kọ nọ́ńbà kan láti 0 sí 4 fún apá mẹ́fà ẹnu yín, BPE ni wọ́n ń pè é. 3 àti 4 ni kó bà yín lẹ́rù. Ẹ béèrè fún ìwọ̀n kíkún tó bá rí bẹ́ẹ̀, torí pé BPE ò tó fún ohun tí a fẹ́ ṣe.

Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún wọn. Amlodipine àti nifedipine tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí èrìgì hù bo eyín, phenytoin tí wọ́n ń lò fún wárápá náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró o! Dókítà tó kọ ọ́ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀ bó bá yẹ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó mú èsì HbA1c rẹ̀ dání, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Àyẹ̀wò itọ́ àkọ́kọ́ yẹ kó wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọn èrìgì, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ṣáájú kí irin tó kan èrìgì, kó sì jẹ́ ṣáájú kí wọ́n tó fọ eyín. Ìyẹn fífọ tí wọ́n ń pè ní scaling, tí wọ́n fi ń ha èérí tó ti gan mọ́ eyín bí òkúta kúrò. Àwọn kan máa ń ṣe é lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fọ eyín. Èrìgì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha ìdí rẹ̀ ṣì ní ọgbẹ́ lára, ohun tó bá sọ lọ́jọ́ yẹn, ariwo ìrora ni.

Àmì pé ó parí: ẹ ní bébà kan lọ́wọ́ tó ní iye ojúkò tó jìn, iye tó ṣẹ̀jẹ̀, àti ọjọ́.

ÌPELE 3: Ẹ TỌ́JÚ ẸNU KÍ ITỌ́ TÓ JÁDE

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, torí pé ibí ni èsì ti ń bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí àpótí.

Ẹ mú wákàtí kan, kó má yí padà. Itọ́ kì í rí bákan náà láti àárọ̀ di alẹ́. Lóru, kì í fi bẹ́ẹ̀ sun, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń gbẹ téèyàn bá jí. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó máa ń sun gan-an, ohun inú rẹ̀ á sì là. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn: ẹ ti fọ ẹnu láti agogo méje, ẹ ti jẹun ní agogo mẹ́jọ, ẹnu ti fara balẹ̀.

Láti alẹ́ tó ṣáájú, ẹ má lo omi ìfọnu olóògùn. Bó bá ti ku wákàtí méjì, ẹ má fọ eyín, ẹ má rún orín, ẹ má fi igi ta eyín, ẹ má fi òwú bọ àárín eyín. Orín àtá lágbára, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbo èrìgì tó wú títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, àyẹ̀wò tó ń wá ẹ̀jẹ̀ á sì rí i. Bó bá ti ku wákàtí kan, ẹ má jẹ, ẹ má mu nǹkan kan yàtọ̀ sí omi lásán. Bó bá ti ku bí ìṣẹ́jú 15, ẹ dá omi náà dúró.

Àwọn nǹkan tí ìwé inú àpótí kì í dárúkọ, torí pé ẹni tó kọ ọ́ ò mọ oúnjẹ wa: obì, orógbó, sóbò, àti ọbẹ̀ tí epo pupa pọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ń pa itọ́ láró. Asẹ́ inú àpótí ò lè yọ àwọ̀ obì kúrò, ilẹ̀ ike tí ìlà ń yọ lórí rẹ̀, tó yẹ kó funfun, á sì pọ́n, ẹ ò ní mọ ìlà tó fẹ́ẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí àbààwọ́n. Ẹni tó ń jẹ obì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bíi bàbá àgbà kan tí mo mọ̀, kó fi í sílẹ̀ láti alẹ́ àná.

Ẹ sún ọjọ́ síwájú bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá wà: ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn yín, egbò ẹnu, eyín ọgbọ́n tó ń yọ, eyín tí wọ́n yọ láàárín oṣù yẹn, tàbí ibà. Gbogbo wọn ń pe sẹ́ẹ̀lì funfun wá sẹ́nu, MMP-8 ò sì mọ̀ bóyá èrìgì ló pè é àbí ọ̀fun. Aláboyún náà, èrìgì rẹ̀ lè wú nítorí oyún. Kó má dá àyẹ̀wò dúró, kó sáà kọ oṣù oyún sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì. Ẹni tó ń mu sìgá, kó mọ̀ pé sìgá máa ń fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́: èrìgì lè ti bàjẹ́ gan-an kó má ṣẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ inú itọ́ lè tan irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ.

Àmì pé ẹnu ti múra: ẹ tutọ́ díẹ̀ sínú abọ́ funfun yẹn. Kó mọ́ gaara tàbí kó funfun díẹ̀. Bí ó bá pọ́n, tó ní okùn ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹ rí ìrúnrún búrẹ́dì nínú rẹ̀, ẹ fi omi ṣan ẹnu, ó tún di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ rí ẹ̀jẹ̀ láìfọwọ́kan nǹkan. Èsì nìyẹn fúnra rẹ̀.

ÌPELE 4: GBÍGBA ITỌ́

Ọ̀nà A, ti àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí ń fi omi ṣan ẹnu. Ìwé inú àpótí yín ló ni àṣẹ, ṣùgbọ́n báyìí ni ti MMP-8 ṣe sábà máa ń rí:

1. Ẹ fi omi mímu lásán ṣan ẹnu fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ tu ú nù.
2. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 1. Ẹnu dídé, ẹ má sọ̀rọ̀. Àárín ìṣẹ́jú yìí ni ohun tó wà nídìí èrìgì máa ń sun padà sínú itọ́. Èyí tí àwọn oníkánjú máa ń fò nìyẹn.
3. Ẹ da omi inú àpótí sẹ́nu, mílílítà 5 ni. Ẹ fi ṣan ẹnu fún ìṣẹ́jú àáyá 30 gbáko, ẹ jẹ́ kó gba àárín eyín kọjá, ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn.
4. Ẹ tu gbogbo rẹ̀ sínú ife inú àpótí.
5. Ẹ fi sìríńjì fa á, ẹ fi asẹ́ sí ẹnu sìríńjì, kí ẹ kán iye ẹ̀kán tí ìwé sọ sínú ihò ike pẹlẹbẹ náà. Mẹ́ta sí mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ má fi omi kún mílílítà 5 yẹn. Ẹni tó sọ ọ́ di 10 ti pín ohun tí a ń wá sí méjì, ìlà tó yẹ kó yọ ò sì ní yọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gbẹ́ni ọjọ́bọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbé ìdajì rẹ̀ mì. Bí omi tí ẹ tu padà bá kéré gan-an sí èyí tí ẹ dà sẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà B, ti itọ́ lásán tó ń lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ ṣan ẹnu, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ jókòó, ẹ tẹrí ba díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí itọ́ máa kún ìsàlẹ̀ ẹnu, kó sì máa ṣàn sínú ike fúnra rẹ̀. Ẹ má há kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ọ̀fun. Ẹ má jẹ ṣingọ́ọ̀mù kó lè yá, ẹ má ronú ọsàn wẹ́wẹ́. Itọ́ tí a fipá pè máa ń là bí omi. Ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń rí nǹkan bíi mílílítà 0.3 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà mílílítà 2 lè gbà tó ìṣẹ́jú 7. Ìfófòó kì í ṣe itọ́, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ kí ẹ tó wo ìlà ara ike.

Bí ìṣẹ́jú 10 bá kọjá tí ẹ ò rí mílílítà 1 pàápàá, ẹnu yín gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ sọ fún dókítà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, oògùn ara yíyún, àti àtọ̀gbẹ lè fà á, ẹnu gbígbẹ sì máa ń ba eyín jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ike yìí ò gbọ́dọ̀ jókòó sórí tábìlì títí di ọ̀la. Ẹ gbé e sínú yìnyín, kó dé ilé àyẹ̀wò láàárín wákàtí méjì, àfi bí oògùn tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ti wà nínú ike látilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí iná ò ti dúró, ẹ má gbọ́kàn lé fìríìsà ilé. Ohun tó ti yìnyín, tó yọ́, tó tún padà yìnyín, ẹ dà á nù.

Àmì pé ó dára: kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò sí oúnjẹ, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó hàn sójú, ó sì pé ìwọ̀n.

ÌPELE 5: KÍKA ÌLÀ

Bí ẹ ṣe kán an tán ni kí aago bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé bá ní ìṣẹ́jú 5, kó jẹ́ ìṣẹ́jú 5. Ẹ má lọ gbé omi ká iná kí ẹ tó padà wá. Ìlà tó bá yọ lẹ́yìn tí àkókò ti kọjá, kò sí nínú ìròyìn.

Ìlà C, tó ń fi hàn pé àyẹ̀wò ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ yọ. Bí kò bá yọ, àyẹ̀wò náà bàjẹ́, ohun yòówù kí T, ìlà ohun tí à ń wá, wí. Bí C nìkan bá yọ, MMP-8 ò dé ààlà. Bí C àti T bá yọ, ó ti kọjá ààlà, kódà kí T fẹ́ẹ́rẹ́. Mo rí i pé ìlà tó fẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn èèyàn máa ń bá jà jù. Wọ́n á gbé e sábẹ́ oòrùn, wọ́n á ní ọmọ ò rí i. Bí ẹ bá rí i nígbà tí àkókò pé, ó wà níbẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lórí abọ́ funfun yẹn, níbi kan náà nígbà gbogbo, kí ìmọ́lẹ̀ má yàtọ̀. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ oṣù kẹta àti ìlà dúdú oṣù kẹfà kì í ṣe ìròyìn kan náà, ọpọlọ ò sì lè rántí dúdú ìlà.

Àmì pé ó parí: fọ́tò wà, C hàn nínú rẹ̀, aago fóònù sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÌPELE 6: ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀

Ojú ìwé kan fún àyẹ̀wò kan. Bí ti màámi ṣe rí rèé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n fọ eyín wọn:

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 10:05 àárọ̀. Jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín agogo 8. Kò sí ibà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣúgà àárọ̀ 128. Abọ́ funfun: kò sí ẹ̀jẹ̀. C dúdú, T fẹ́ẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá fọ eyín lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbi eyín ẹ̀yìn òsì nísàlẹ̀ nìkan.”

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló wúlò jù fún dókítà. Itọ́ ní “ó ṣì ń jà”, ojú sì fi ilé tó ń da epo hàn. Nígbà tí dókítà fi irin wọ̀n ọ́n, mílímítà 6 ló bá níbẹ̀, èérí le kan ló kù lábẹ́ èrìgì tí wọn ò rí lákọ̀ọ́kọ́.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ tún un ṣe? Lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó fọ eyín. Lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ bá padà lọ fún ìwọ̀n kejì, ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kó bá ọjọ́ ìpadàlọ sọ́dọ̀ dókítà mu. Àyẹ̀wò DNA, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán lẹ́yìn ìtọ́jú tàbí oògùn apakòkòrò kí ẹ tó ṣe é, torí pé DNA kòkòrò tó ti kú ṣì máa ń hàn. Ẹni tó bá ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń náwó fún ìdààmú ara rẹ̀ ni.

ÌPELE 7: Ẹ GBÉ ITỌ́ ÀTI IRIN SÍRA

Bí itọ́ bá ní kò sí, tí irin náà sì ní èrìgì ti sún mọ́ eyín, ẹ máa bá ìtọ́jú ojoojúmọ́ lọ. Bí méjèèjì bá ní ó wà, kò sí àríyànjiyàn: wọ́n á fọ ìdí eyín náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn méjì tó kù ló ń da èèyàn láàmú.

Itọ́ ní ó wà, irin ní kò sí. Ẹ padà sí Ìpele 3, kí ẹ wá ọ̀fun, egbò, eyín ọgbọ́n. Bí ẹ ò bá rí ìkankan, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ní wákàtí kan náà. Bó bá tún yọ, ẹ gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà ṣáájú ọjọ́ tí ó dá, kí ẹ sì wo ṣúgà. HbA1c tó dé ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn dókítà fi ń gbé ìpele ewu àìsàn yìí sókè, láti ìgbà tí ìpínsísọ̀rí tuntun jáde ní 2018.

Irin ní ó wà, itọ́ ní kò sí. Irin ni kí ẹ gbà gbọ́. Eyín kan ṣoṣo tó jìn gan-an lè máa bàjẹ́, kí ohun tó ń jáde nídìí rẹ̀ sì rì sínú itọ́ gbogbo ẹnu. Ẹni tí eyín tó kù ní ẹnu rẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ, itọ́ rẹ̀ lè dákẹ́ nítorí pé ibi tí ìjà ti lè wáyé kéré. Sìgá náà tún wà ńbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gbé ìlà kan ṣoṣo han dókítà pé òun ò fọ eyín mọ́. Ìlà kan ò ní agbára láti fagi lé mílímítà 7.

Kò sí èsì itọ́ kankan tó ní kí ẹ lọ ra amoxicillin tàbí Flagyl lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Èérí tó gan mọ́ eyín ni kòkòrò fi ṣe ilé, oògùn ò sì lè fọ́ ilé yẹn.

ÌGBÀ TÍ Ẹ Ò GBỌ́DỌ̀ DÚRÓ DE ÀYẸ̀WÒ

Bí ọyún bá ń jáde nídìí eyín, tàbí tí eyín tí kì í mì tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú pẹ̀lú ibà, tàbí tí ẹnu ò bá fẹ́ là mọ́, tàbí tí gbígbé itọ́ mì tàbí mímí bá ṣòro, ilé ìwòsàn ńlá ni lójú ẹsẹ̀, lóru pàápàá. Ẹ fi àpótí sílẹ̀ nílé, ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ àti orúkọ àwọn oògùn yín dání.